Géèmù ààfin Dracula ti ọdún 1997: ṣé ó ṣì yẹ kéèyàn náwó sí i?

Dékúnlé_Ìjàpọ̀:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti gbogbo Oǹdó. Castlevania: Symphony of the Night ni mo fẹ́ bi yín. Mo rí i lórí Play Store, owó ni wọ́n ń gbà kéèyàn tó gbé e sórí fóònù. Gbogbo ẹni tó ti pẹ́ nídìí géèmù ló ń yìn ín, àmọ́ nígbà tí mo wo àwòrán rẹ̀, ohun ayé PS1, ìyẹn PlayStation àkọ́kọ́, ni mo rí. Lẹ́yìn tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù tán lálẹ́ ni mo máa ń ráyè fọwọ́ kan fóònù, àwọn géèmù tó wà lọ́wọ́ mi sì ń jẹ dátà ju bí mo ṣe ń rà á lọ. Èyí tí mo lè dá gbá, tí kò ní bèèrè dátà, tí kò ní máa polówó ọjà sí mi létí, tí kò sì ní sú mi kí oṣù tó parí ni mo ń wá. Ṣé èyí tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yìn ín torí pé ẹ gbá a ní kékeré o.

Bọ́ọ̀lù_Nìkan:
Gbá bọ́ọ̀lù rẹ, jẹ́ kí Dracula máa sùn.

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Àbúrò, mi ò ní fi ìgbà èwe tàn ọ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni màá sọ.

Ọdún 1997 ni ilé iṣẹ́ Konami gbé e jáde fún PlayStation, oṣù kẹta ní Japan, oṣù kẹwàá ní Amẹ́ríkà. Lásìkò yẹn, 3D, àwòrán tó ní jíjìn bíi ti ojú ayé, ni gbogbo ilé iṣẹ́ géèmù ń lé kiri. Ẹni tó bá ṣì ń ṣe èyí tí akọni inú rẹ̀ ń rìn láti òsì sí ọ̀tún, ojú ẹni tó ti kẹ́yìn ni wọ́n fi ń wò ó, kò sì tà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà nígbà tó kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n gbé àwọn géèmù 3D ọdún náà kalẹ̀ lónìí, ojú èèyàn inú púpọ̀ wọn kò ṣeé wò mọ́. Èyí, ńṣe ni wọ́n fara balẹ̀ ya á. Wo aṣọ ìléjìká Alucard, akọni inú rẹ̀, bó ṣe ń fẹ́ tó bá yí ẹ̀yìn padà, wàá mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ti iṣẹ́ yẹn.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn. Alucard ni ọmọ Dracula. Bàbá rẹ̀ ni olórí àwọn amùjẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran-ara bíi tèmi tìrẹ. Lọ́dún 1797 nínú ìtàn náà, ààfin bàbá rẹ̀ tún ṣàdédé yọ, ọmọ sì jí lójú oorun pé òun á lọ pa á run. Nígbà tó wọlé, idà, asà, àṣíborí, ẹ̀wù irin, gbogbo rẹ̀ pé sí i lára. Ọ̀tá tó bá bọ́ síwájú rẹ̀, kíá ló ti ṣubú. Kò pẹ́, Ikú fúnra rẹ̀ yọ sí i lọ́nà. Ó ní kó padà. Ọmọ kọ̀. Ikú bá gba gbogbo ẹrù náà lára rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọwọ́ lásán ni Alucard fi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìwọ tó ń gbá a sì ti tọ́ agbára yẹn wò, o mọ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ dáadáa.

Láti ibẹ̀ lọ, ilé náà gan-an ni géèmù. Wàá rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ búlúù tó kọ̀ tí kò ṣí. Wàá rí pèpéle kan lókè tí fífò rẹ kò dé. Wàá rí irin tí wọ́n fi dí ojú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ ń wá láti òdìkejì rẹ̀, ọ̀nà kò sì sí. O kọjá lọ. Tó bá yá, o rí òkúta tó ń jẹ́ kéèyàn tún fò nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀. O rí ohun tó ń sọ ọ́ di ìkookò, èyí tó ń sọ ọ́ di àdán, èyí tó ń sọ ọ́ di kùrukùru. Ọjọ́ tí o bá lè di kùrukùru, irin yẹn kò lè dá ọ dúró mọ́, o gba àárín rẹ̀ kọjá. Adùn rẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí ọ̀nà fún ọ. Ìwọ lo rántí pé irin kan wà níbì kan.

Ẹni tó bá ti wọ ààfin àtijọ́ ti Déjì níbí rí, tó rí bí àgbàlá kan ṣe ń ṣí sí òmíràn, tí kálukú àgbàlá sì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀, á tètè lóye ohun tí mò ń wí. Nínú ààfin Dracula, ilé ìsìn wà, ilé ìkàwé wà, ibi ìjà wà, ilé aago wà, ihò abẹ́ ilẹ̀ tí omi ń ṣàn nínú rẹ̀ wà, ibojì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn so mọ́ ara wọn. Máàpù rẹ á máa kún díẹ̀díẹ̀, wàá sì máa rí igun tó ṣófo tó ń pè ọ́.

Koji Igarashi, ọ̀kan lára àwọn tó ṣe é lábẹ́ olùdarí Toru Hagihara, ti sọ ọ́ rí pé àwọn géèmù Castlevania tó ṣáájú kì í pẹ́ parí, táwọn èèyàn á sì tà á padà sọ́jà. Èyí tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á ni wọ́n wá ṣe. Ọwọ́ wọn bà á.

Bọ́ọ̀lù_Nìkan:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹni méjì lè gbá a pọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Rárá. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa má mọ̀ ọ́n níbí. Ilé géèmù tí à ń lọ lágbègbè Ọjà-Ọba nígbà náà, bọ́ọ̀lù àti ìjà ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀gá wo ló máa gbà kí ẹnì kan jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti ọ̀sán dalẹ́ pé òun ń wá ilẹ̀kùn?

Olórin_Òkè-Àró:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ fo orin! Ẹ dákun, ẹ má fò ó. Èmi ni mo ń tẹ dùùrù fún akọrin ìjọ wa, orin inú géèmù yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó gbá a. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Michiru Yamane ló kọ ọ́. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú ààfin ló ní orin tirẹ̀, orin wọ̀nyí kò sì jọra. Bí o ṣe wọlé, jìtá oníná ló máa kí ọ, pẹ̀lú ìlù tó ń lé ẹsẹ̀ rẹ síwájú. Bí o bá dé ilé ìkàwé, irú dùùrù àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù tó máa ń dún bíi pé wọ́n ń já okùn rẹ̀ ni wàá gbọ́, jẹ́jẹ́, ohùn kan ń lé èkejì. Nínú ilé ìsìn, ohùn akọrin ni. Ibòmíràn wà tí ó ń dún bíi orin ilé ijó alẹ́, baasi rẹ̀ ń rìn lábẹ́. Mo ti fẹ́ mú ọ̀nà kan lára ti ilé ìsìn yẹn wọ orin ìgbọrẹ wa, olùdarí wa ni kò gbà.

Dékúnlé, ra íápíìsì tó dáa. Agbọ̀rọ̀sọ fóònù máa pa baasi yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Alágbàká:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi kì í gbá géèmù, àwọn ọmọ ló ń gbá a. Àǹtí wọn ló gbé èyí sórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Mo yọjú wò ó, mo rí egungun òkú tó ń rìn, mo rí ẹni tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n. Ẹ̀rù bà mí kó má máa kọ́ wọn ní ìwà òkùnkùn. Mo gba tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń sunkún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ inú rẹ̀, ṣé mo ṣe é jù ni? Ẹ jẹ́ kí n mọ̀, kì í ṣe pé mo fẹ́ bá yín jà lórí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, mà. Ẹ ò ṣe é jù. Ẹ̀ka T ni wọ́n fi í sí ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ọmọ ọdún 13 sókè. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, òkú pọ̀ níbẹ̀, àwọn ẹ̀dá kan sì wà tí ara wọn kò bò tó. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi náà ò ní gbé e fún un.

Ṣùgbọ́n ní ti pé bóyá géèmù ń kọ́ ọmọ ní ìwà òkùnkùn, ibẹ̀ ni màá ti dúró díẹ̀. Àgbélébùú àti omi mímọ́ wà lára ohun tí akọni fi ń jà. Ìtàn ìyá Alucard ló sì jẹ́ ọkàn géèmù náà lójú tèmi. Lisa ni orúkọ rẹ̀. Oògùn ló ń ṣe fún àwọn aláìsàn. Àwọn ará ìlú ní àjẹ́ ni, wọ́n pa á. Ohun tó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó tó kú ni pé kó má kórìíra èèyàn. Bí kò bá lè bá wọn gbé, kó má ṣe wọ́n níbi. Bàbá gbọ́ ikú ìyàwó, ó ní gbogbo èèyàn ló máa san án. Ọmọ di ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ mú, ó sì lọ bá bàbá rẹ̀ jà. Ìran kan wà nínú àlá níbi tí ẹ̀mí burúkú kan ti gbé àwọ̀ ìyá náà wọ̀, tó ń sọ òdìkejì ohun tí ìyá sọ. Alucard ò tẹ̀ lé e, ó ní ìyá òun kò lè sọ irú rẹ̀ láé.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí à ń ṣe fún àwọn ìyá arúgbó níbí tí ẹnì kan bá ti lálàá pé àjẹ́ ni wọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó bá gbá ìran yẹn tán, ọ̀rọ̀ wà láti bá a sọ.

Ìyá_Ìbejì_Alágbàká:
Ẹ ṣeun, sà. Wọ́n á dúró títí wọ́n á fi dàgbà nígbà náà. Èmi fúnra mi fẹ́ rí ìran ìyá yẹn o.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọ̀rọ̀. Ẹ fún mi láyè kí n bá yín jiyàn. Irú géèmù yìí tí wọ́n ń pè ní Metroidvania ti lọ síwájú gan-an. Hollow Knight ni kí bọ̀ọ̀dá Dékúnlé gbá. Ẹgbẹ́ kékeré kan, Team Cherry, ní ìlú Adelaide ní Ọsirélíà, ló gbé e jáde lọ́dún 2017, owó táwọn èèyàn dá jọ lórí Kickstarter ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò ni gbogbo ará ìlú inú rẹ̀, ìlú náà sì ti ṣófo, òjò ń rọ̀ lórí rẹ̀ níbì kan láìdáwọ́ dúró. Máàpù gan-an, ríra ni. Wàá wá ẹni tó ń yà á kàn, o máa gbọ́ bó ṣe ń kọrin lábẹ́nu kó o tó rí i. Tó o bá kú, owó rẹ kù síbi tó o kú sí, òjìji ara rẹ ló ń ṣọ́ ọ, àfi kó o lọ bá a jà kó o tó gbà á. Ìbẹ̀rù gidi nìyẹn. Ti Alucard yìí, tí èèyàn bá ti pa ọ̀tá púpọ̀, ìpele rẹ̀ á ga, gbogbo nǹkan á rọrùn. Láàbọ̀ ìkẹyìn, kò sí ìjà mọ́, ìrìn ni.

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Òótọ́ lo sọ, mi ò ní jiyàn. Idà kan wà níbẹ̀ tí mi ò ní dárúkọ, ẹni tó bá rí i, kó máa rìn lọ, ọ̀tá á máa ṣubú fúnra wọn. Asà kan àti ọ̀pá kan náà wà tí wọ́n bá pàdé lọ́wọ́ èèyàn, ìjà tán. Ṣùgbọ́n ìwọ ronú nípa ẹni tó ti dúró láti àárọ̀, tó ti bá oníbàárà fà á nípa bàlá́ńsì, tó délé tó fẹ́ sinmi. Ṣé kí ó tún wá sá fún òjìji ara rẹ̀?

Dékúnlé_Ìjàpọ̀:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ̀ mí.

Ọmọ_Èkìmògún:
Mo ń tún fóònù ṣe ní Yaba, l'Óǹdó níhìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ti fóònù, nítorí òun ni Dékúnlé ní lọ́wọ́.

Hollow Knight tí àbúrò wa ń wí, Team Cherry kò gbé e sórí Android. APK rẹ̀, ìyẹn fáìlì géèmù tí kò gba Play Store wá, tó ń kiri orí WhatsApp, kì í ṣe ọwọ́ wọn ló ti wá. Ẹ máa gbé e wá fún mi lẹ́yìn náà pé fóònù ń gbóná, pé ìpolówó ń yọ láìsí ẹni tó pè é. Kọ̀ǹpútà tàbí Switch tàbí PlayStation ni kí ẹni tó fẹ́ Hollow Knight wá.

Symphony of the Night, ọdún 2020 ni Konami fúnra wọn gbé e sórí Android àti iPhone. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa sanwó, dọ́là mẹ́ta kò pé ni wọ́n tà á nígbà tó jáde, Play Store á ṣí i sí náírà fún ọ. Lẹ́yìn náà, kò sí ohun tí wọ́n tún ń tà fún ọ nínú rẹ̀. Tó o bá ti gbé e sílẹ̀ tán, pa dátà.

Ní ti iná: nínú géèmù náà, yàrá kan pàtó lèèyàn ti ń tọ́jú ibi tó dé. Ayé PS1, tí iná bá lọ kó o tó dé yàrá yẹn, o padà sẹ́yìn nìyẹn. Lórí fóònù, wọ́n fi ọ̀nà míì kún un tó fi jẹ́ pé tó o bá kú, o lè máa bá a lọ láìpadà jìnnà. Síbẹ̀ má gbọ́kàn lé e. Bí bátìrì bá ti ń pupa, wá yàrá yẹn.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ni àwọn bọ́tìnnì ojú gíláàsì. Alucard ní àwọn ọfọ̀ kan tó gba kéèyàn yí ìka lọ́nà kan pàtó, ìka àtàǹpàkò lórí gíláàsì kì í ṣe é dáadáa. Páàdì Bluetooth ni kó o rà, géèmù náà gbà á. Kò pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá, ṣùgbọ́n dán an wò lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á kó o tó sanwó: tẹ òkè, tẹ ìsàlẹ̀, tẹ igun. Ọ̀pọ̀ páàdì olówó pọ́ọ́kú tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, igun ni kì í gbọ́. Ẹni tó bá ní PS4, Castlevania Requiem ti ọdún 2018 ni kó wá, Symphony of the Night àti Rondo of Blood tó ṣáájú rẹ̀ ló wà nínú ẹyọ kan.

Bọ́ọ̀lù_Nìkan:
Ẹ ti ń jẹ́ kó wù mí o. Ṣé nǹkan apanilẹ́rìn-ín wà níbẹ̀ ni àbí ẹkún nìkan?

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Ó pọ̀. Oúnjẹ máa ń jábọ́ nígbà míì tó o bá pa ọ̀tá, o sì lè jẹ ẹ́. Ẹ̀pà wà níbẹ̀! Wọn kì í kàn jẹ ẹ́. Alucard á ju ẹ̀pà sókè, ìwọ lo máa tẹ bọ́tìnnì kó fẹnu hán an. Ọmọ ọba tó ń hán ẹ̀pà nínú ilé tí gbogbo èèyàn ń sá fún. Àga wà tó o lè jókòó lé lásán. Nínú ilé ìsìn, yàrá kékeré kan wà níbi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Jókòó síbẹ̀ kó o dúró. Òkú àlùfáà á wá bá ọ. Nígbà míì á gbọ́ ẹjọ́ rẹ, á fún ọ ní nǹkan mu. Nígbà míì, ọ̀bẹ ni. Nínú géèmù mìíràn, irú nǹkan báyìí á ní èrè tí wọ́n kọ sílẹ̀. Níbí, wọ́n kàn fi síbẹ̀ fún ẹni tó bá lè dúró wò ó.

Olórin_Òkè-Àró:
Ẹ ò sọ ti bàbá tó ń tọ́jú ilé ìkàwé. Òun ló ń ta ọjà fún Alucard, bẹ́ẹ̀ ìránṣẹ́ Dracula ni. Ó ní òun kò lè dalẹ̀ ọ̀gá òun, ẹ̀yìn náà ló gbowó. Yàrá kan wà nísàlẹ̀ àga rẹ̀. Tí agbára rẹ bá tó láti fo fìrì kí o forí gbá àga náà láti abẹ́, nǹkan á bọ́ sílẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín tí ìyàwó mi fi jí.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA:
Ó dáa, mo gbà pé ó ní ẹwà. Bọ̀ọ̀dá Dékúnlé, tẹ́ ẹ bá ti dé ọ̀dọ̀ Richter, ọdẹ amùjẹ̀ inú ìtàn náà, lókè pátápátá, ẹ má ṣe

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Dúró níbẹ̀! Má tú u.

Akẹ́kọ̀ọ́_FUTA:
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pọ̀ ló ń gbá a dé ibẹ̀ tí wọ́n á rò pé ó ti parí, wọ́n á sì pa á rẹ́ lórí fóònù. Ṣé ẹ fẹ́ kó pàdánù ohun tó kù ni?

Ọmọ_Èkìmògún:
Ọ̀rọ̀ àbúrò ní ìtumọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lábọ̀. Dékúnlé, tí orúkọ àwọn tó ṣe géèmù bá ti ń gòkè, wo iye máàpù tó o ti rìn. Ibi tí ó lè dé ni 200.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ṣì í kọ. Tó o bá rí i pé tìrẹ kò tíì kọjá 100, padà síbi tó o tọ́jú ìrìn rẹ sí. Òrùka méjì wà nínú ààfin, ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn, kí o sì fi ojú sí gbogbo aago tó o bá rí. Mo ti sọ̀rọ̀ jù báyìí.

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
O sọ ọ́ dáadáa. Ohun kan péré ni màá fi kún un: má ṣí YouTube. Ẹni tó bá fi fídíò gbá géèmù yìí ti gba èrè rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bó o bá há, rìn padà síbi tó o ti kọjá pẹ̀lú ohun tuntun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Lu ògiri tó bá dá ọ lójú pé nǹkan wà lẹ́yìn rẹ̀. Kọ ọ́ sínú ìwé tó o bá fẹ́. Tó bá há pátápátá, bi wá níbí, a ó na ìka sí ọ̀nà, a ò ní gbé ọ dé ibẹ̀.

Tó o bá parí rẹ̀ tí ó ṣì ń ṣe ọ́, Igarashi tún ṣe Bloodstained: Ritual of the Night, ó jáde lọ́dún 2019, ó wà lórí Android náà. Ọmọbìnrin ni akọni ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀.

Dékúnlé_Ìjàpọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti rà á. Ikú ti gba ẹrù mi, inú ń bí mi. Mo ti kọjá ibi tí àwọn ohun èlò oògùn wà, mo ti rìn nínú gbọ̀ngàn alágo, mo ti dé ilé ìkàwé. Ilẹ̀kùn búlúù yìí ti di mẹ́ta báyìí, kò sì sí èyí tó ṣí. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ẹ na ìka díẹ̀.

Olórin_Òkè-Àró:
O ti dé ilé ìkàwé, o ò tíì bá bàbá arúgbó sọ̀rọ̀?

Dékúnlé_Ìjàpọ̀:
Mo bá a sọ̀rọ̀, mo ra oògùn ìwòsàn lọ́wọ́ rẹ̀. Owó mi ti tán.

Ẹ̀gbọ́n_PS1:
Padà lọ wo ọjà rẹ̀ dáadáa, òkúta iyebíye kan wà níbẹ̀, 500 wúrà. Kó o tó lọ, fọ́ gbogbo àbẹ́là tó o bá rí lójú ọ̀nà, owó wà nínú wọn. Má sì tún ra oògùn.